Ṣé kí a dá lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ọmọ yìí dúró?

Ìyá Fèyí: Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ kú ìjókòó o. Fèyí wà ní pírámárì kẹta. Aago méjì ni wọ́n ń jáde. Tó bá di aago mẹ́ta, tíṣà lẹ́sìn ti dé, ó di aago márùn-ún kó tó lọ. Iṣẹ́ àṣetiléwá ṣì ń dúró dè é. Títú nǹkan ni ọmọ yìí fẹ́ràn: ó ti tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀, tọ́ọ̀ṣì mi kò tàn mọ́. Níbi tọ́ọ̀ṣì, kì í gbọ́ ìpè oúnjẹ. Níbi ìwé, oorun ni. Bàbá rẹ̀ ní bí a bá dá lẹ́sìn dúró, ìṣirò tí kò mọ̀ á tún burú sí i. Kí ni kí a ṣe?

Tíṣà Àgbà: Ìyá Fèyí, pírámárì kejì àti ìkẹta ni mo kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Fèyí kò jẹ̀bi tán. Ọmọ kì í ṣèèṣì pàdé ìsọdipúpọ̀ níbi tó ti ń tú tọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan ní láti jókòó kọ́ ọ, kó sì kọ́ ọ sórí. Àmọ́ wákàtí méjì lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ìwé? Àgbà pàápàá á sùn! Ẹ dín in kù sí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Kí ẹ wá kọ́ ọ ní ayò. Ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Òfin rẹ̀ kò gba àríyànjiyàn: bí ọmọ ayò tó kẹ́yìn bá sọ ihò ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ihò tí Fèyí fẹ́ ti kó ayò, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún un pé kó kà. Bí kò bá kà, wọ́n á jẹ ẹ́ tán. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni Maria Montessori, tó ṣí ilé ìwé rẹ̀ ní Róòmù ní 1907, fi ń kọ́ ọmọdé: igi rìbìtì, tí oníkálukú ní ihò tirẹ̀. Bí ọmọ bá ṣì í fi, igi kan á ṣẹ́kù tí kò ní wọlé, á sì tún un tò láìsí ìbáwí.

Bàbá Ìbejì: Iṣẹ́ rédíò ni mo ń ṣe. Ẹ fún un ní èyí tó ti kú, kí ẹ ní kó tò ó padà. Bó ṣe ń tú u, kó máa to nọ́ọ̀tì sórí páálí ní ẹsẹẹsẹ. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Kó má fọwọ́ kan ohun tó wà lára iná o, àti bátìrì fóònù.

Ìyá Fèyí: Ẹ ṣeun gan-an. Màá bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lálẹ́ yìí. Tíṣà Àgbà, a ò ní ọpọ́n ayò o.

Tíṣà Àgbà: Ẹ jẹ́ kó gbẹ́ ihò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ 48. Ẹ má bá a kà á.