Alùpùpù mi ń yìnbọn tí mo bá pa á

Ọmọ Kétu: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Bí mo bá ti pa alùpùpù mi báyìí, gbàù! Lánàá, níwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn àgbà fò dìde. Mo ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, kò gbọ́.

Mẹkáníìkì Àjàṣẹ́: Ẹ̀gbọ́n, epo tí kò jóná ló ń bọ́ sínú sàléńsà gbígbóná, ibẹ̀ ló ti ń gbiná. Ẹ wo ibi tí sàléńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnì. Bí èéfín bá ti pa á láró, gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn òrùka tó ń dí àlàfo ibẹ̀, ti jẹ, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ẹ pààrọ̀ ìyẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́.

Ará Ṣábẹ: Síló tèmi, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń sáré tó nígbà tí alùpùpù bá dúró lójú kan, ló ga jù. Mo dín in kù, mo sì ń jẹ́ kó rọra mí díẹ̀ kí n tó pa á.

Ọmọ Kétu: Gásíkẹ́ẹ̀tì ni! Ó ti jẹ tán. Ó dákẹ́ wàyí, àmọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ń bi mí pé ìbọn dà.