Ẹ̀yìn mọ́tò mi ń jó lórí gálọ́ọ̀pù, ṣé ṣọ́ọ̀kù ni àbí sípíríǹgì?

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Corolla 2005 ni mo ń lò, òun ni mo fi ń kó iṣu láti Ìkọ̀lé wá sí Adó. Tí mo bá ti bọ́ sí gálọ́ọ̀pù báyìí, ìdí mọ́tò á máa jó ṣáá ni, kì í tètè dúró, tí ẹrù bá tún wà nínú búùtù tí mo gun búǹpù màá gbọ́ "gbòà" lábẹ́, táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún sì ń jẹ lójú-ojú, ibìkan ga ibìkan jìn. Mẹkáníìkì kan ní kí n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù ọwọ́ ọ̀tún nìkan, òmíràn ní kí n ra èyí tó le dáadáa kó lè máa gbé iṣu. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Mi ò lówó tí màá fi ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Tóbi Mẹkáníìkì, Adó: Ẹ ǹlẹ́ o yèyé, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀kù kì í gbé ẹrù o, sípíríǹgì ló ń gbé e. Ṣọ́ọ̀kù ló ń di sípíríǹgì mú kó má máa fò, ọ́ìlì inú rẹ̀ ló ń gba ihò tóóró kọjá tó fi ń rọ ìfò yẹn sílẹ̀, tí ọ́ìlì bá ti jò kò sóhun tó máa dá a dúró mọ́.

Ẹ kó ẹrù kúrò, ẹ gbé mọ́tò síbi tó tẹ́jú, ẹ fi gbogbo ara tẹ búùtù lápá kan kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀. Tó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó dúró, ó ṣì ń gbìyànjú, tó bá ń lọ sókè sódò, ó ti kú nìyẹn. Àmọ́ ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan, torí òmíràn á ti dẹ̀ kò sì ní fara hàn báyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ara ṣọ́ọ̀kù náà: tó bá rin fún ọ́ìlì tí eruku pupa sì ti gbá mọ́ ọn, ó ti jò. Tó bá kàn mú ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ìyẹn ò tíì burú.

Awakọ̀ Ẹ̀fọ̀n: Méjèèjì ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ mà, ẹ má gba ti ẹyọ kan. Kọ́nà Ẹ̀fọ̀n tí à ń sọ̀ yìí, tí ọwọ́ kan bá le tí ìkejì dẹ̀, ìdí mọ́tò á máa yẹ̀ lọ́wọ́ yín, pàápàá tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì.

Fúnkẹ́ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ tòkunbọ̀ ńkọ́? Tuntun ti wọ́n jù.

Bàbá Tóbi Mẹkáníìkì, Adó: Tòkunbọ̀ ò burú tí ojú yín bá là. Irin dídán tó ń wọ inú ṣọ́ọ̀kù yẹn ni kẹ́ ẹ wò, tó bá ti dípẹtà tàbí tó ní ojú ọgbẹ́, á gé síìlì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó ń di ọ́ìlì mọ́ inú, láìpẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, kó má wọlé wẹ́rẹ́, kó má sì há lójú ọ̀nà.

Tẹ́ ẹ bá ti wá rà á, ẹ dúró ti ẹni tó fẹ́ ṣe é. Corolla yẹn, sípíríǹgì wà lára ṣọ́ọ̀kù níbẹ̀, inú mọ́tò lẹ́yìn àga ni wọ́n ti máa ń tú ti òkè. Kó má tú nọ́ọ̀tì àárín lókè ṣọ́ọ̀kù láìtíì fi irinṣẹ́ fún sípíríǹgì pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, tó bá fò jáde ó lè pa èèyàn. Kó má fi páláyà di irin dídán yẹn mú. Bóòtù ìsàlẹ̀, ìgbà tí táyà bá ti kanlẹ̀ ni kó tó fún un pa, torí tó bá fún un nígbà tí mọ́tò ṣì wà lórí jáàkì, bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn rọ́bà tí bóòtù yẹn gba inú rẹ̀ kọjá, á lọ́ pọ̀, á sì tètè ya.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé: Ọlọ́run á bù kún yín o. Mo ti bẹ̀rẹ̀ wò ó, ọwọ́ ọ̀tún rin gbindin fún ọ́ìlì, tòsì náà ò sì dúró nígbà tí ọmọ mi tẹ̀ ẹ́. Méjèèjì ni màá rà. Táyà ńkọ́?

Bàbá Tóbi Mẹkáníìkì, Adó: Èyí tó ti jẹ lójú-ojú yẹn á ṣì máa hó lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ṣọ́ọ̀kù tuntun ò lè tún un ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ẹ̀ tú iṣẹ́ yẹn padà. Tó bá ti jìn jù ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n báláǹsì rẹ̀. Kẹ́ ẹ wo sípíríǹgì náà, tí ìdí mọ́tò bá wálẹ̀ láìsí ẹrù kankan, òun náà ti rẹ̀.