Oògùn tanwíjí tó ti Amẹ́ríkà wá: ṣé kí n jù ú sómi?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ni mo fi ń gbe omi òjò lẹ́yìnkùlé. Mo ṣí ọ̀kan ní Sátidé, tanwíjí ló kún inú ẹ̀, wọ́n ń jùrù bí ẹni ń jó. Àbúrò mi tó wà ní Houston ti fi nǹkan róbótó kan ránṣẹ́, ó dà bíi dónọ́ọ̀tì tó ti gan. Ó ní kí n jù ú sómi, á léfòó, á máa pa tanwíjí fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ọkọ mi ka ara páálí ẹ̀, ó rí i pé bakitéríà ni wọ́n fi ṣe é, ló bá fárígá: àwọn òyìnbó ti yí àbùdá kòkòrò padà, wọ́n fẹ́ fi pa wá! Omi yìí la fi ń fọṣọ, bí kànga bá sì gbẹ, a tún ń fi sebẹ̀. Ẹ gbà mí o.

Alájà, Abẹ́òkúta:
Da kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, ó tán. Ohun tí ìyá mi ń ṣe nìyẹn.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun mà. Ṣé omi kẹrosíìnì la ó wá fi sebẹ̀?

Bọ̀dá Tíṣà, Ìlọrin:
Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Bti ni wọ́n ń pe kòkòrò yẹn, Bacillus thuringiensis israelensis ní kíkún. Kì í ṣe lábù ló ti wá. Inú omi adágún kékeré kan ní aṣálẹ̀ Negev, ní Ísírẹ́lì, ni wọ́n ti rí i ní 1976, láàárín òkú tanwíjí. Wọn ò fọwọ́ kan àbùdá èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Bó ṣe ń pa wọ́n ló dùn mọ́ mi jù. Oró ẹ̀ dì bíi wóró iyọ̀. Ìfun tanwíjí dà bí omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ibẹ̀ ni oró náà ti ń yọ́, á sì dá ihò sí ìfun wọn lára. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti kú. Inú tiwa kan bí omi ògì, kò sì síbi tí oró yẹn lè dì mọ́ nínú ìfun wa.

Ṣèyí, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé wọ́n ń yí àbùdá irú ẹ̀ padà lóòótọ́. Àbí irọ́ ni?

Bọ̀dá Tíṣà:
Kì í ṣe irọ́. Bti máa ń rì sísàlẹ̀, oòrùn tètè ń bà á jẹ́, kì í sì í pẹ́ nínú gọ́tà ẹlẹ́gbin. Ìbátan ẹ̀, Lysinibacillus sphaericus, máa ń pẹ́ nínú ìdọ̀tí, àmọ́ oró kan ṣoṣo ló gbójú lé, oró ọ̀hún ò sì ran ẹ̀fọn mọ́ láwọn ibì kan. Ni Brian Federici àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Riverside, Califonia, bá gbé àbùdá oró ìbátan yìí sínú Bti. Agbára ohun tó jáde tó ìlọ́po mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀. Ní yunifásítì Ben-Gurion, ní Ísírẹ́lì, wọ́n gbé àbùdá oró Bti sínú Anabaena, bakitéríà aláwọ̀ ewé tí tanwíjí fúnra wọn ń jẹ (ẹ ò rí ọgbọ́n!). Ìyẹn kọ́ ló wà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́:
Níhìn-ín ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Bti yìí wà lára ohun tí wọ́n dà sódò lápá àríwá nígbà tí wọ́n ń gbógun ti eṣinṣin odò tó ń fọ́ni lójú. Ṣùgbọ́n ẹ má ju róbótó yẹn sómi ọbẹ̀ o. Irú èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún omi mímu wà, òun kọ́ nìyí. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ti ọbẹ̀ pinpin. Ẹ fi kànìnkànìn ha ara dúrọ́ọ̀mù dáadáa, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn tó lámì funfun lẹ́sẹ̀ ń lẹ ẹyin mọ́, èyí tó ń jẹni lọ́sàn-án. Ẹ̀fọn ibà kì í sábà yé sí dúrọ́ọ̀mù, ẹ má tìtorí èyí ká nẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ibùsùn àwọn ìbejì.

Ìyá Ìbejì:
Mo dúpẹ́ o. Mo dá a sí mẹ́rin, mo ju ẹyọ kan sí dúrọ́ọ̀mù ìfọṣọ. Òkú tanwíjí ti wà nísàlẹ̀ báyìí, wọ́n nà gbalaja. Ti ọbẹ̀, mo ti fi nẹ́ẹ̀tì dè é lẹ́nu. Ọkọ mi ti wọ ẹ̀wù tí mo fomi ẹ̀ fọ̀, àmọ́ ó kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.