Ṣé àlejò ni ọmọ Ifẹ̀ tó wálé ṣe Ọlọ́jọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àpilẹ̀kọ mi

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀ọ́rè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àpilẹ̀kọ oyè kejì ni mo ń kọ lórí bí owó tí àwọn àlejò ń ná nígbà ọdún Ọlọ́jọ́ ṣe ń dé ọwọ́ àwọn onílé ìtura, àwọn olóúnjẹ àti àwọn ọlọ́kọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ní ọjọ́ tí Ọọ̀ni dé Adé Àrè jáde lọ sí Òkè Mògún, mo ti dúró sí Enúwá, ìta gbangba iwájú ààfin, láti òwúrọ̀ pẹ̀lú igba ìwé ìbéèrè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni èyí tó padà sọ́wọ́ mi fi lé ní ọgọ́rùn-ún, nítorí pé bí ìlù Òsírìgì ti dún báyìí, àwọn tí ń kọ ìdáhùn lọ́wọ́ dìde, wọ́n sì gbé bírò mi lọ.

Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe ti bírò. Nígbà tí mo ka àwọn ìdáhùn náà, mo rí i pé ọmọ Ifẹ̀ tí ń gbé ní Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá ló pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n wálé wá ṣọdún, tí wọ́n sì sùn sí ilé bàbá wọn. Alábòójútó mi ní ọmọ onílé kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́, kí n yọ gbogbo wọn kúrò. Bí mo bá yọ wọ́n, kí ló kù? Ó tún ní kí n lo ìlànà Taro Yamane láti mọ iye ènìyàn tí n óò bi ní ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ìlànà yẹn ń béèrè iye gbogbo èrò, kò sì sí ẹni tí ń ja tíkẹ́ẹ̀tì ní Enúwá. Àwọn onílé ìtura mẹ́ta tí mo lọ bá kò jẹ́ kí n fojú kan ìwé wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ọdún ti ń sún mọ́lé; ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Párákìn:

Àbúrò mi, má tíì yọ ẹnikẹ́ni. Àjọ tí ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò fi ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí mọ àlejò. Ohun tí wọ́n ń wò ni àyíká tí ènìyàn ti ń gbé ìgbé ayé rẹ̀ ojoojúmọ́: ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn fún àkókò tí kò tó ọdún kan, tí kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ ló gbà á síṣẹ́, àlejò ni. Bó bá sun òru kan, ó kéré tán, arìnrìn-àjò afẹ́ ni. Bó bá padà lọ́jọ́ náà, àlejò ojúmọ́ ni. Ìtumọ̀ yìí kò sọ níbì kankan pé dandan ni kó sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, ọmọ Ìlódè ní Ifẹ̀ níbí tí ń gbé ní Èkó, tó wá sùn sórí ẹní ní yàrá ìyá rẹ̀, àlejò ni lójú àwọn olùṣèwádìí, nígbà tí òyìnbó tó ti ń kọ́ni ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, tó sì fi Ifẹ̀ ṣe ibùgbé, kì í ṣe àlejò rárá. Ó máa ń ṣòro fún àwa Yorùbá láti gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣirò la ń sọ, a kò sọ ọ̀rọ̀ ẹbí.

Àmọ́ alábòójútó rẹ kò ṣìnà pátápátá. John Crompton ti Yunifásítì Texas A&M, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí lórí owó tí àjọ̀dún ń mú wọ ìlú, kìlọ̀ pé oríṣi ènìyàn mẹ́ta ni owó wọn kò gbọdọ̀ wọ inú ìṣirò. Ará ìlú ni àkọ́kọ́, nítorí pé owó tó fi jẹ iyán ní Lágere lọ́jọ́ ọdún, inú Ifẹ̀ kan náà ni ì bá ti ná an lọ́jọ́ mìíràn. Èkejì ni ẹni tó ti pinnu láti wálé tẹ́lẹ̀, tó kàn sún ọjọ́ rẹ̀ sí àsìkò ọdún. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó wá sìnkú tàbí tó wá gba ìwé ẹ̀rí, tó wá yà wo Ọlọ́jọ́ lójú ọ̀nà. Àárín àwọn ẹni kejì ni àwọn ọmọ Ifẹ̀ rẹ lè pọ̀ sí jù, ibẹ̀ gan-an sì ni kí o fojú sí. Fi ìbéèrè méjì kún ìwé rẹ: "Ṣé Ọlọ́jọ́ ló gbé yín wá?" àti "Bí kò bá sí Ọlọ́jọ́, ṣé ẹ ì bá ti wálé láàárín oṣù mẹ́ta sí àsìkò yìí?" Tẹ ìtumọ̀ ti àjọ náà jáde, kí o fi ìrẹ̀lẹ̀ mú un lọ bá alábòójútó rẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Oníṣirò:

Ọ̀rọ̀ Yamane ni èmi yóò gbé. Ohun tí ìlànà náà sọ ni n = N ÷ (1 + N × e²), níbi tí n ti jẹ́ iye ènìyàn tí o máa bi ní ìbéèrè, tí N jẹ́ iye gbogbo èrò, tí e sì jẹ́ ìwọ̀n àṣìṣe tí a gbà láyè. Bí e bá jẹ́ 0.05, èrò 10,000 yóò fún ọ ní 385, èrò 100,000 yóò fún ọ ní 398, mílíọ̀nù kan yóò sì fún ọ ní 400. Bí èrò bá tilẹ̀ tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní kọjá 400. Kí lo wá ń bá N jà sí? Mú 400, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Bí o ṣe ń yan wọ́n ló le jù. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí wa ni a sábà máa ń fún ní ìwé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kò dúró fún gbogbo èrò. Yan ojú ọ̀nà mẹ́ta, ka àwọn ènìyàn bí wọ́n ti ń kọjá, kí o dá ẹni ìkẹwàá dúró, ì báà fajú ro. Bó bá kọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀.

Bí alábòójútó bá ṣì fẹ́ iye èrò, Herbert Jacobs, tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìròyìn ní Yunifásítì California ní Berkeley ní àwọn ọdún 1960, ti rí ọ̀nà kan. Láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ ló ti ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fẹ̀hónú hàn. Wọ́n ti fi ìlà pín ilẹ̀ ibẹ̀ sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì ka àwọn tó wà nínú díẹ̀ nínú wọn, ó wá fi iye onígun mẹ́rin tí èrò kún sọ ọ́ di púpọ̀. Bí èrò bá fẹsẹ̀ rọ, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 10 ni ẹnì kan ń gbà. Bí wọ́n bá fún pọ̀, bí 4.5. Mú téèpù lọ wọn Enúwá lọ́jọ́ tí ibẹ̀ bá pa rọ́rọ́, kí o wá ya fọ́tò láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ ọdún láti mọ bí wọ́n ṣe fún pọ̀ tó, kí o sì fi àyè tí ẹnì kan ń gbà pín ìwọ̀n ilẹ̀ náà. "Èrò bí omi" dùn létí lórí rédíò, ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ńbà.

Ìyá Oníyàrá:

Ọmọ mi, ilé ìtura kékeré ni mo ní lọ́nà Ìbàdàn, n óò sì sọ ìdí tí a fi ń lé yín fún ọ. Bí ẹnì kan bá gbé ìwé dání wọlé, owó orí ló kọ́kọ́ ń sọ sí wa lọ́kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ àwọn oníbàárà wà nínú ìwé yẹn, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ kí aya ilé mọ̀ pé wọ́n sùn ní Ifẹ̀. Má béèrè ìwé. Mú lẹ́tà wá láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ, kí o béèrè iye yàrá tí mo ní àti iye tó kún lálaalẹ́, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún, ọ̀sẹ̀ ọdún, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni n óò sọ fún ọ láìjanpata.

Kí o sì béèrè ibi tí mo ti ra ọjà. Ní ọdún kan, gbogbo yàrá mi kún, inú mi dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀, ẹja dídì, ohun mímu àti aṣọ ìbùsùn tuntun, Ìbàdàn ni mo ti rà á gbogbo. Owó tó gba ọwọ́ mi wọlé ti bá ọkọ̀ padà jáde ní Ifẹ̀.

Ti bírò rẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá gbé e lọ! Ta ni yóò máa kọ fọ́ọ̀mù nígbà tí Kábíyèsí ń kọjá? Lọ dúró sí gáréèjì lọ́jọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti ń dúró kí ọkọ̀ kún. Ọwọ́ wọn dilẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ti mọ iye tí wọ́n ná, nítorí pé àpò ti gbẹ.

Bàbá Ìlódè:

Ààfin ni kí o kọ́kọ́ lọ kí o tó pín ìwé kan ṣoṣo. Kò sí ohun tó burú nínú kíka owó, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Ọọ̀ni wà ní ìpèbí, níbi tó ti ń dá wà ṣáájú ọdún, kì í ṣe ọjọ́ tí à ń bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè láàfin, fọ́tò orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn náà sì ń fẹ́ àṣẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀ọ́rè:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. N óò bẹ̀rẹ̀ láti ààfin, n óò kọ ìwé ìbéèrè náà lákọ̀tun, n óò sì gbé e lọ sí gáréèjì. Ti ọdún tó kọjá yóò di ìdánwò lásán, nítorí n kò bi ẹnikẹ́ni bóyá yóò wálé tẹ́lẹ̀. Ó ku ọ̀kan: ìyá kan tí ń wá láti Ìpetumodù, tó máa ń ná ọjà Ifẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì ta omi fún mi ní Enúwá lọ́jọ́ yẹn, ṣé kí n ka òun náà?

Ẹ̀gbọ́n Párákìn:

Má kà á. Ẹni tí ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Ifẹ̀ ti di ara àyíká rẹ̀. Ṣùgbọ́n bi í ní iye omi tó tà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni owó àlejò rẹ gbà kọjá.