Ìyàwó mi ní kí n kó gbogbo ìbọn mi jáde nílé

Ọdẹ Houston: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Ìbọn mẹ́tàdínlógún ni mo ní, owó mi ni mo fi rà wọ́n, mo sì kọ Form 4473, ìwé ìjọba tí ẹni tó ń ra ìbọn máa ń kọ, lórí èyí tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi gbaná jẹ. Bẹ́ẹ̀ báàgì àti bàtà tirẹ̀ kún yàrá kan fọ́fọ́, n ò wí nǹkan kan. Kí ni mo lè sọ tí á fi yé e pé dúkìá ni wọ́n?

Àgbà Dallas: Ibo lo kó wọn sí? Sééfù tí wọ́n bá kọ ọ́ sí lára pé ó ń gba ìbọn 24, bí awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán bá wà lórí àwọn ìbọn, bíi méjìlá ló máa gbà. Fi bóòtì dè é mọ́ kankéré ilẹ̀, torí olè a máa gbé èyí tí wọn ò dè lọ tòun tìbọn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má fi báàgì wé ìbọn, ẹ̀gbọ́n. Ní Texas, ohun tí ẹ bá fi owó oṣù rà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ti ẹ̀yin méjèèjì ni. Ọ̀pọ̀ ínṣọ́ránsì ilé ò sì ní san ju $2,500 lọ lórí gbogbo ìbọn tí olè bá jí. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ìbọn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò wọn.

Ọdẹ Houston: Owó kọ́ ló ń bí i nínú. Inú àpótí onífóòmù wọn ni wọ́n wà, lókè wọ́ọ̀dùróòbù. A ò tíì bímọ, kí ni mo fẹ́ fi sééfù ṣe?

Àgbà Dallas: Fóòmù ń fa omi mọ́ra! Nínú ooru Houston yẹn, wọ́n á dípẹtà níbi tí fóòmù ti kan irin. Fi òróró ìbọn nù wọ́n…

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi ìpẹtà sílẹ̀ ná. Ta ló ń gbé lọ́dọ̀ yín?

Ọdẹ Houston: Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó. Ọmọ ọdún 14 ni, ó gbọ́n dáadáa. Ìbọn ìléwọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan ló ní ọta nínú.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n! Ohun tí ìyàwó yín ń wí nìyẹn. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ gbà nítorí pé ẹ ò tì í pa, òfin Texas á mú yín.

Àgbà Dallas: Dìde nísinsìnyí. Yọ magasíìnì rẹ̀, ìyẹn ilé tí ọta ń wà, kúrò kí o tó fa ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn irin òkè tó ń yọ́ lọ sẹ́yìn. Bí o bá kọ́kọ́ fa ẹ̀yìn, ọta mìíràn á tún wọlé. Fi ojú wo ihò ọta, kí o sì fi ìka kàn án.

Ọdẹ Houston: Mo ti yọ ọ́. Ṣé àgádágodo oníwáyà tó bá a wá tó?

Àgbà Dallas: Ó tó fún alẹ́ òní. Ki wáyà náà gba ihò tí kóro ọta ń gbà fò jáde, kó yọ nísàlẹ̀ níbi tí magasíìnì ń wọ̀. Ìbọn ò ní lè padé. Kó ọta síbòmíràn, kí o sì fún ìyàwó rẹ ní kọ́kọ́rọ́ kan.