Àkọtúnkọ ni, kì í ṣe àtúnkọ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o. Láti Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka gbogbo ohun tí ẹ ti kọ kí n tó dá sí i. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àwa kan ń túmọ̀ ètò ìṣirò owó tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà sí Yorùbá, irú èyí tí èèyàn ń kó sítétímẹ́ǹtì báńkì sínú rẹ̀ kó lè mọ bí owó ṣe wọlé àti bó ṣe jáde. Bí o bá kó ti oṣù kan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí o ti fọwọ́ ara rẹ kọ owó kan sílẹ̀ kí fáìlì báńkì tó gbé e dé, owó kan ṣoṣo á jókòó síbi méjì. Kí ni ká pe èkejì yẹn? Àbúrò wa ní Modákẹ́kẹ́ ní ká pè é ní "àtúnkọ". Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní Ifẹ̀ ní "owó ìbejì". Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan, èyí ìkejì tilẹ̀ bí mi nínú.

Àbúrò, "tún" tí o gbé síwájú yẹn kì í ṣe ọmọdé. Bó bá ti ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, ohun tó kù díẹ̀ káàtó la sábà máa ń padà sí: àtúnṣe, àtúntò, àtúnyẹ̀wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ dá ìwé rẹ̀ padà fún, àtúnkọ ló lọ ń ṣe. Bí ìyá mi bá rí "àtúnkọ" lára bọ́tìnì, á rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ohun tí òun kọ ṣe, á sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti há "tún" mọ́ àárín: àwítúnwí, àsọtúnsọ, àṣetúnṣe. Kò sí ẹni tó ń sọ nǹkan di dáadáa níbẹ̀. Ohun kan náà ló padà wá bó ṣe wà, kò dín, kò lé. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á fi àkàtúnkà bi mí, pé ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Òótọ́ ni, mi ò sì sọ pé àṣìṣe ló ń jẹ́. Ìwé tí o kà lẹ́ẹ̀kejì kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ìtumọ̀ tí mo ń wá nìyẹn. Àkọtúnkọ.

Ẹni tó kọ ọ́ ní "àkọ́túnkọ́" lánàá, ẹ jọ̀ọ́. Ilé là ń kọ́, ẹ̀kọ́ là ń kọ́. Owó, a ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Èsì yín pé kò sẹ́ni tó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù kò wọ̀ mí létí: àwa la máa kọ ohun tó wà lára bọ́tìnì yìí, ọwọ́ wa ni àmì wà.

Ó ku ìbejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí, ọmọ méjì ni, orí méjì ni wọ́n gbé wáyé. Ta ló máa wo Táíwò àti Kẹ́hìndé, tí á ní ká mú ọ̀kan kúrò nítorí pé wọ́n jọra? Ọ̀rọ̀ tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ ni "Pa rẹ́". Ẹ kà wọ́n pọ̀: "Pa ìbejì rẹ́." Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère fún ìbejì tó bá lọ, tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń bọ́ ọ, ibẹ̀ la fẹ́ gbé bọ́tìnì yìí dé!

Ohun tó sì dùn mí jù ni pé ìbejì wà nínú owó lóòótọ́. Lọ́jọ́ kan mo lọ ra epo pupa fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Láàárọ̀ mo fi ₦12,000 ránṣẹ́ sí ìyá elépo láti orí fóònù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, epo náà kò kárí, mo padà lọ, mo tún fi ₦12,000 ránṣẹ́ sí ìyá kan náà. Nígbà tí mo kó fáìlì báńkì wọlé, ìlà mẹ́rin ló jáde: ₦12,000, ₦26.88, ₦12,000, ₦26.88. Ọjọ́ kan náà, orúkọ kan náà. (₦26.88 yẹn ni ₦25 tí báńkì ń gbà lórí owó tó bá wà láàrin ₦5,001 sí ₦50,000, pẹ̀lú VAT 7.5%.) Ẹ̀rọ ní méjì nínú wọn jọ èyí tó ti wà nílẹ̀, mo gbà á gbọ́, mo pa wọ́n rẹ́. Ìwé mi wá fi ₦12,026.88 ju ti báńkì lọ. Òru ọjọ́ náà ni mo fi wá a, kẹ́ẹ̀gì epo méjì dúró níwájú mi, mi ò kà wọ́n.

Ìwọ̀nyẹn ni ìbejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ti fún ohun tí a gbọ́dọ̀ pa rẹ́ ní orúkọ ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Fáìlì OFX, irú fáìlì kan tí báńkì lè fi kó àkọsílẹ̀ owó fún èèyàn, tí Microsoft, Intuit àti CheckFree gbé kalẹ̀ ní 1997, máa ń fún owó kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, FITID. Ìbejì á ní àmì méjì. Àkọtúnkọ, ẹyọ kan ni. QIF, irú fáìlì mìíràn, kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, fáìlì CSV tí báńkì tèmi ń fún mi náà kò ní. Ètò ìṣirò owó bíi GnuCash á wá máa fi iye owó, ọjọ́ àti àlàyé wọ̀n ọ́n wò, èèyàn ló kù kó dájọ́. Ẹni tó fẹ́ dájọ́ yẹn nílò ọ̀rọ̀ méjì: ìbejì, fi sílẹ̀, àkọtúnkọ, pa rẹ́.

Ẹnì kan tún kọ ọ́ níbí pé Ìjẹ̀ṣà kọ́ ló yẹ kó máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún àwọn yòókù. Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáló. Ó ń ru aṣọ lọ sí abúlé lọ́nà Èkìtì, ó ń tà á láwìn, nígbà tí àdéhùn bá pé, á lósòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Kò mọ̀wé. Èédú ló fi ń fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, oníbàárà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ààyè tirẹ̀. Bí ẹni náà bá tún ra aṣọ mìíràn, ìlà kejì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, á kúrú sí i díẹ̀, kó lè mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni. Bí ìyá àgbà bá sì rán an létí gbèsè tó ti fà, á gbé ìka lé ìlà yẹn, á ní, "Mo ti fà á. Ìlà kì í bímọ." Kí ẹni tó ní a kò mọ̀ ọ́n ṣẹ̀dá gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá tó ṣe kedere jù ìyẹn lọ.

Ní ti "ìdúnàádúrà" tí ẹ fi ń pe gbogbo owó tó bá ti gba inú báńkì kọjá, mi ò tíì gbà. Ọjà là ń dúnàádúrà. ₦26.88 tí báńkì yọ, ta ló ná an pẹ̀lú wọn? Màá kọ̀wé lórí ìyẹn lálẹ́ ọ̀la. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ń retí ìwé owó oṣù yìí lọ́wọ́ mi.