Ẹ gbà mí o, àwọn ọmọ láàbù físíìsì ń fipá mú èsì wọn dé 9.8

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọmọ 100 level ní físíìsì rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn ọmọ tí mò ń mójú tó ní láàbù, kí wọ́n tó so okùn pendulum (nǹkan wíwúwo tí wọ́n so rọ̀ kó máa fì síwá sẹ́yìn) rárá ni wọ́n ti mọ iye tí wọ́n fẹ́ kó jáde fún g, ìyẹn bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú kí eré nǹkan tó ń já bọ́ máa pọ̀ sí i, 9.8, tí tiwọn bá wá já sí 9.5 wọ́n á yáa pa á rẹ́, wọ́n á yọjú wo ìwé ẹnìkejì, wọ́n á ní "human error" ni. Mo ní kí wọ́n lo okùn mítà kan, kí wọ́n fà á dé 10 digírì, lẹ́yìn náà 20, kí wọ́n wò ó bóyá àkókò tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀ á yàtọ̀. Téèyàn bá jẹ́ kó lọ kó bọ̀ nígbà 50, ìyàtọ̀ yẹn lé díẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, stopwatch ń gbé e, àmọ́ torí ìwé ní kò sí ìyàtọ̀, wọ́n rí i tán wọ́n tún kọ ọ́ pé kò sí! Ó ń dùn mí gan-an, torí ohun tí wọ́n sọ nù yẹn gan-an ni físíìsì. Ṣé kí n má sọ iye tó yẹ kó jáde fún wọn mọ́ ni, àbí bí mo ṣe ń fún wọn ní máàkì ni kí n yí padà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìyànjú ẹ̀, kí lẹ ṣe tí wọ́n fi ń kọ ohun tójú wọn rí sílẹ̀?